Ìtì Igi Jókòó, Ọkọ̀ Ló Gbéra

Bí wọ́n bá ti dárúkọ Aboudou gbẹ́nàgbẹ́nà ní àdúgbò Houinmè, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ Sikirou ni ẹnu gbogbo wọn kọ́kọ́ máa ń bọ́ sí. Òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ni, lẹ́bàá ọ̀nà Missérété, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti ń gé igi tẹ́kì tà. Ìtì igi kan wà nílẹ̀ níbẹ̀, ó gùn tó ọkùnrin méjì tó dùbúlẹ̀ tẹ̀ lé ara wọn, ẹrẹ̀ sì ti gba ìdajì ikùn rẹ̀. Sikirou ti fi ẹ̀yìn ọkọ̀ bàṣé rẹ̀ sún mọ́ igi náà, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tó ti dàgbà ju ẹni tó ń wà á lọ. Aboudou sì ti de ẹ̀rọ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe mọ́ ìdí ọkọ̀: irin mẹ́rin tí wọ́n jó pọ̀, ọ̀pá tí okùn ń ká mọ́, eyín irin tó yọ lára kẹ̀kẹ́ àlòkù, àti ọwọ́ gígùn kan tí èèyàn ń yí bí ẹni ń lọ àgbàdo.

"Sikirou, jókòó sínú ọkọ̀, kí o di ìjánu rẹ̀ mú."

Sikirou wọlé, ó jókòó. Aboudou bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, ó ń yí i. Okùn le. Irin ń ké. Nǹkan kan ń gòkè lóòótọ́, gbogbo àwọn tó dúró níbẹ̀ ló rí i, kò sì sí ẹni tó lè lanu sọ ohun tó ń gòkè.

"Sikirou, kí lò ń rí níbẹ̀ yẹn?"

"Ojú ọ̀run, Bàbá."

"Igi ni mò ń bi ọ́. Ṣé igi ti kúrò nílẹ̀?"

"Èmi ni mo ti kúrò nílẹ̀."

Iwájú ọkọ̀ ló ti gbéra. Táyà iwájú méjèèjì dá dúró sínú afẹ́fẹ́, Sikirou sì fẹ̀yìn lélẹ̀ sórí àga bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fá irùngbọ̀n rẹ̀. Ìtì igi náà kò tilẹ̀ mira. Aboudou bọ́ síwájú, ó wo ọkọ̀, ó wo igi, ó ṣí fìlà, ó tún dé e. "Ẹ̀rọ yìí ṣiṣẹ́," ló wí. "Ohun tó yẹ kó gbé nìkan ni kò tíì mọ̀."

Àwọn tó bá gbọ́ ìtàn yìí á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ọkùnrin náà kò gbádùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nǹkan kan wà nídìí rẹ̀, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ní Houinmè.

Nígbà kan, bí gbogbo ayé ṣe ń gbé igi ni Aboudou náà ṣe ń gbé e. Ọkùnrin mẹ́jọ á tò, mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì. Ẹnì kan á lé orin, àwọn yòókù á gbè é, ibi tí ègbè bá parí sí ni gbogbo wọn á ti gbé e lẹ́ẹ̀kan náà. Mouhamed ló máa ń lé orin fún wọn, torí ohùn rẹ̀ dùn, èjìká rẹ̀ sì fẹ̀. Lọ́jọ́ kan, òjò ti rọ̀, ẹsẹ̀ ẹnì kan yọ̀. Àwọn kan jùwọ́ sílẹ̀, àwọn kan fò sẹ́yìn. Mouhamed ò jùwọ́ sílẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ló sì gba gbogbo ìwúwo igi náà. Ẹni tó ń lé orin kì í tètè jùwọ́ sílẹ̀, torí òun ló ń sọ fún àwọn yòókù pé kí wọ́n má jùwọ́ sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń rìn bí ẹni tí abẹ́rẹ́ jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń wá a kiri.

Aboudou mú un wá sí ìsọ̀ rẹ̀, ó ṣe àga kan fún un tí ẹ̀yìn rẹ̀ ga, Mouhamed sì ń jókòó síbẹ̀ fi pépà oníyanrìn ha ẹsẹ̀ tábìlì. Wọn kì í sọ̀rọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Aboudou sọ ọ́, kò sì pariwo: "Kò sí ẹ̀yìn ọmọ ènìyàn tí yóò tún wà lábẹ́ igi mi." Ó lọ ra irin àlòkù. Ó lọ ra ọ̀dà funfun, ó fi kọ orúkọ sára irin náà kó tó di ẹ̀rọ rárá: DÁ-Ẹ̀YÌN-SÍ. Bẹ́ẹ̀ ni ìyà gbogbo àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀.

Mouhamed gan-an ló máa ń fi ẹ̀rọ náà ṣe yẹ̀yẹ́ jù.

"Ọ̀gá, ṣé torí ẹ̀yìn mi lẹ ṣe sọ ọ́ lórúkọ yẹn?"

"Torí rẹ̀ ni."

"Ẹ bá mi sọ fún un pé ẹ̀yìn mi ń yára jù ú lọ."

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ dé bá ni ìyàwó Aboudou, Silifatou, ìyá Salwa ọmọ wọn. Ìyá Salwa jí lówúrọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé korobá lọ sí ẹ̀yìnkùlé, kò rí púlì, ìyẹn kẹ̀kẹ́ kékeré tí okùn kànga ń gbà lórí rẹ̀. Kò bi ẹnikẹ́ni. Ìsọ̀ ọkọ rẹ̀ ló gbà lọ tààrà.

"Bàbá Salwa, púlì kànga mi ńkọ́?"

"Mo yá a ni."

"Lọ́wọ́ ta ni?"

"Lọ́wọ́ kànga."

"Ìgbà wo lẹ máa dá a padà fún un?"

"Ìyá Salwa, omi inú ilẹ̀ kò lọ síbì kankan."

Ọjọ́ mẹ́ta ni Silifatou fi ọwọ́ fa omi láìsí púlì. Lọ́jọ́ kẹrin, ó kó korobá méje, ọpọ́n ìfọṣọ kan àti gbogbo aṣọ tó fẹ́ fọ̀, ó gbé wọn wá sí ìsọ̀, ó tò wọ́n yí ẹ̀rọ náà ká, ó sì jókòó sáàárín wọn. Àwọn oníbàárà ń dé, wọ́n ń kí i, ó ń dá wọn lóhùn. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ ní kí ló dé, ó ní: "Ibi tí púlì bá wà, ibẹ̀ ni kànga mi wà."

Kí oòrùn tó kanrí, púlì ti padà sílé. Ṣùgbọ́n bí Aboudou ṣe ń kàn án padà, ó rí àtẹ́lẹwọ́ ìyàwó rẹ̀, ó rí i pé okùn ti bó o. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó gbé ẹ̀rọ kékeré kan wá sí ẹnu kànga, èyí tó ní ọwọ́ tí wọ́n ń yí. Gbogbo korobá tó bá sọ̀ kalẹ̀ tó kún, ìdajì rẹ̀ ló ń dé òkè, torí ẹ̀rọ náà máa ń gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú. Silifatou pariwo títí. "Omi dín, mo gbà," ni Aboudou wí, "ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ pé." Silifatou pòṣé, ó sì yí i.

Alájà Fadilatou ní tirẹ̀ kò ní kànga nínú ọ̀rọ̀ náà, ìlẹ̀kùn ló ní. Ó ti bẹ Aboudou níṣẹ́ ìlẹ̀kùn yàrá rẹ̀, tẹ́kì gidi, kò fẹ́ pákó mìíràn. Aṣọ ni ó ta sẹ́nu yàrá kó fi máa dúró dè é. Oṣù mẹ́rìnlá ni aṣọ náà fi wà níbẹ̀. Lóṣooṣù ni Alájà máa ń yà ní ìsọ̀.

"Aboudou, ìlẹ̀kùn mi dà?"

"Ó wà ní Missérété, Alájà."

"Kí ló ń ṣe níbẹ̀?"

"Ó ṣì ń hù."

Àṣé òótọ́ ló sọ, igi náà ṣì wà lórí ìdúró. Ó ní òun kò ní jẹ́ kí wọ́n gé e títí ẹ̀rọ yóò fi ṣe tán, torí igi tí wọ́n bá ti gé, àwọn èèyàn á fẹ́ gbé e. Nígbà tí àgùntàn aládùúgbò gba abẹ́ aṣọ náà wọ yàrá Alájà, tó sì jẹ etí ẹní ìkírun rẹ̀, Alájà ká ẹní náà mọ́ abíyá wá sí ìsọ̀, ó tẹ́ ẹ síwájú Aboudou. Aboudou wò ó dáadáa, ó fi ọwọ́ wọn ibi tó jẹ. "Àgùntàn yìí kò ga," ló wí. "Tí ẹ bá ká aṣọ yẹn sókè díẹ̀, ẹ ó máa rí i kó tó wọlé."

Ọ̀rọ̀ náà le débi pé Gbadamassi fúnra rẹ̀ wá. Gbadamassi ni olórí àwọn alágbàrù, àwọn tó ń fi owó gbé ẹrù fún èèyàn, ní ọjà Ouando, ó ju Aboudou lọ ní ọdún márùn-ún, ẹrù tí ọwọ́ rẹ̀ ti gbé kò ṣeé kà. Ó jókòó, ó gba omi, ó mu ún tán kó tó sọ̀rọ̀.

"Aboudou, àwọn àgbà ní ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dé orí."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó pa òwe yẹn kò tíì rí púlì."

"Ó rí i. Ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni, kí iṣẹ́ lè parí."

Mouhamed bú sẹ́rìn-ín lórí àga rẹ̀. Ó rín, ó rín, títí tó fi di ìbàdí mú lójijì tí ojú rẹ̀ yí padà. Aboudou wò ó, ó wá kọjú sí Gbadamassi. "Ẹ wò ó, ẹ̀gbọ́n," ló wí. "Ẹ̀rín gan-an ń dùn ún." Gbadamassi dìde, ó kí wọn pé ó dàbọ̀, kò sì pa òwe mìíràn níbẹ̀ mọ́.

Ẹ̀rọ ò tìtorí bẹ́ẹ̀ gbọ́n o. Ní ìgbà òjò ọdún kejì, Aboudou ti fi ẹsẹ̀ irin méjì kún un, ẹsẹ̀ tó tẹlẹ̀, kó má baà gbé ọkọ̀ mọ́. Wọ́n padà lọ sí Missérété, lọ gbé igi mìíràn. Lọ́tẹ̀ yìí, igi ló gòkè. Ó gòkè, ó gòkè, ó dé orí ẹ̀yìn ọkọ̀, ìdajì rẹ̀ wọlé, ìdajì wà níta. Ibẹ̀ ló dúró sí. Wọ́n yí ọwọ́ ẹ̀rọ síwájú, kò lọ. Wọ́n yí i sẹ́yìn, kò bọ̀. Okùn ti so igi mọ́ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ti wà mọ́ ọkọ̀, ọkọ̀ kò lè rìn. Sikirou sì ti bá àwọn aláta àti onítòmátì ṣe àdéhùn pé òun á kó ẹrù wọn lọ sí Ouando lọ́jọ́ kejì.

Àwọn alágbàrù mẹ́fà ń kọjá, wọ́n dúró.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká bá yín tì í wọlé. Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ."

"Ẹ ṣeun. Ẹ máa lọ."

"Bàbá," ni Sikirou wí, "àwọn mẹ́fà ni. Wọ́n tóbi. Wọ́n sì fẹ́."

"Mouhamed náà tóbi. Mouhamed náà fẹ́."

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ìyá kan tó ń din àkàrà rí i pé ibòji igi náà dára, ó gbé ìkòkò rẹ̀ wá sábẹ́ rẹ̀. "Bàbá," ni Sikirou tún wí, "ìyá yìí ti gba ìsọ̀ lábẹ́ igi wa." Aboudou ra àkàrà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fún Sikirou jẹ, ó sì ń wo eyín irin.

Mouhamed ló gbọ́ nílé, ó sì gun zẹ́mìjàn wá. Ìrìn àjò náà kò pẹ́ tó bí ó ṣe pẹ́ kó tó sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù. Ó rìn yí ẹ̀rọ ká lẹ́ẹ̀kan. Nítorí pé ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀, ojú rẹ̀ bọ́ sí ibi tí ẹni tó nàró kò lè rí.

"Ọ̀gá, okùn ti gun ara rẹ̀."

Ó mú òkúta, ó gbá eyín irin kan lẹ́ẹ̀mẹta. Okùn tú, igi rọra wọ inú ọkọ̀ bí ọmọ tó ń wọ ibùsùn. Inú Aboudou dùn débi pé ó ń bá igi sọ̀rọ̀. Ó yíjú sí Sikirou: "Ṣé o rí i? Kò sí ọwọ́ ẹnì kankan níbẹ̀."

"Mo rí i, Bàbá. Tòmátì náà kò sí níbẹ̀ mọ́."

Nígbà tí ọyẹ́ ọdún tó kọjá mú, wọ́n gé igi Alájà Fadilatou nígbẹ̀yìn. Aboudou gbé ẹ̀rọ lọ síbẹ̀. Ó yí i fún wákàtí kan àti ààbọ̀. Irin kò ké. Okùn kò gun ara rẹ̀. Ìtì igi náà gbéra nílẹ̀, ó gòkè, ó wọ ẹ̀yìn bàṣé, ó jókòó, kò sí ọwọ́ kan tó kàn án, kò sí ẹ̀yìn kan tó tẹ̀. Aboudou nu ojú, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kó rí ẹni tó rí i. Kò sí ẹnì kankan. Sikirou ń sùn nínú ọkọ̀.

"Sikirou. Sikirou. Ó ti wọlé."

"Kí ló wọlé?"

"Igi."

Sikirou bojú wẹ̀yìn, ó rí i. "Àlùmùdùlíláì. Ṣé ká máa lọ?"

"Rárá. O ò rí i. A ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ká tún gbé e, kí o lè rí i."

Sikirou bẹ̀ ẹ́. Ó fi ọmọ bẹ̀ ẹ́, ó fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́, ó ní òun gbà, òun ti rí i lójú oorun. Aboudou ò gbọ́. Ó sọ igi náà kalẹ̀, ó nu ọwọ́, ó ní kí Sikirou la ojú rẹ̀ dáadáa. Ó yí ọwọ́ ẹ̀rọ ní ìgbà mẹ́ta, okùn já.

Wọ́n fi igi àti ẹ̀rọ sílẹ̀ síbẹ̀, wọ́n ní àwọn ń lọ wá okùn tuntun. Kí wọ́n tó padà, ibà mú Aboudou. Ibà ọjọ́ mẹ́rin ni. Ó kú láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, wọ́n sin ín kí ìrọ̀lẹ́ tó lẹ́. Àwọn tó wá síbẹ̀ pọ̀ ju bí ẹnikẹ́ni ṣe rò lọ, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ló ní nǹkan tí olóògbé náà yá lọ́wọ́ wọn tí kò dá padà: kíríkì tí wọ́n fi ń gbé ọkọ̀ sókè, ìdè irin, àkàbà, àti ọ̀pá tí wọ́n fi ń ta aṣọ.

Alájà Fadilatou wá kí Silifatou. Ó pẹ́ lórí ẹní kó tó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó ní kí Ìyá Salwa má ro ti ìlẹ̀kùn mọ́, òun ti yọ̀ǹda rẹ̀, aṣọ tó wà níbẹ̀ tó.

Silifatou gbé ojú sókè. "Ẹ ó gba ìlẹ̀kùn yẹn, Alájà. Mo ti jìyà rẹ̀ jù yín lọ."

Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́, Gbadamassi kó alágbàrù mẹ́fà jọ ní Ouando. Sikirou gbé ọkọ̀ wá. Mouhamed jókòó síwájú, okùn tuntun wà lórí itan rẹ̀, ó ní òun kàn fẹ́ wo ibi tí wọ́n ń lọ ni. Nígbà tí wọ́n dé Missérété, ìtì igi náà wà níbi tí wọ́n fi sí, ẹ̀rọ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú koríko, ọ̀dà funfun ti ń ṣí lára rẹ̀. Àwọn alágbàrù ká ọwọ́ aṣọ wọn sókè. Mẹ́ta bọ́ sọ́tùn-ún, mẹ́ta bọ́ sósì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n na ọwọ́ sábẹ́ igi.

Ní àkókò yẹn, Mouhamed ṣì ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ẹsẹ̀ kan ti kan ilẹ̀, èkejì kò tíì kàn án. Gbadamassi ń wò ó. Ó wò ó títí ẹsẹ̀ kejì fi balẹ̀.

"Ẹ fi igi yẹn sílẹ̀," ló wí. "Ẹ gbé ẹ̀rọ wá."

Wọ́n kùn. Wọ́n kùn gidigidi. Wọ́n de ẹ̀rọ mọ́ ọkọ̀, wọ́n fi okùn tuntun sí i, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yí i, wọ́n sì ń bú ẹni tó ṣe é bí wọ́n ṣe ń yí i. Ọ̀kan ní, "Aboudou, Ọlọ́run á forí jì ọ́, ṣùgbọ́n èmi kò tíì mọ̀." Mouhamed dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó di ọkọ̀ mú, ó ń darí wọn. Gbogbo ọ̀nà tí ẹ̀rọ náà lè gbà bàjẹ́ ló mọ̀, ó ti rí gbogbo rẹ̀.

"Ẹ dúró. Okùn fẹ́ gun ara rẹ̀. Fi òkúta gbá eyín yẹn. Kì í ṣe ìyẹn, èyí tó tẹ̀ lé e. Rọra. Ìwọ náà ń ṣe bí ọ̀gá mi."

Oòrùn ti kúrò lókè orí kí igi tó wọ ọkọ̀. Hilaire, ẹni tó lágbára jù láàárín wọn, ọmọ Houinmè tí kò ju ọdún méjìlélógún lọ, jókòó sílẹ̀, ó ń fi ẹ̀wù nu ọrùn.

"Ẹ̀gbọ́n Mouhamed, ká ní ọwọ́ la fi gbé e ni, kí èèyàn tó jẹ ẹ̀kọ kan tán, ó ti parí."

"Mo mọ̀," ni Mouhamed wí. "Ọjọ́ tèmi náà, kò pẹ́."

Hilaire dìde, ó mú etí okùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u kúrò lára igi, díẹ̀díẹ̀, kó má baà fà á já. Àwọn yòókù bá a tú u. Wọ́n gbé ẹ̀rọ sínú ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi, wọ́n fa tapólì bò ó, torí òjò ti ń ṣú.

"Ìsọ̀ ni ká gbé ẹ̀rọ padà sí àbí ilé Ìyá Salwa?" Sikirou ló bi Gbadamassi.

"Ìyá Salwa ti ní òun kò fẹ́ rí i nílé òun mọ́," ni Gbadamassi wí. "Gbé e lọ sí Ouando. Ẹrù pọ̀ níbẹ̀."

Hilaire yíjú padà. "Bàbá, ṣé èyí la ó máa yí lójoojúmọ́?"

"Lójoojúmọ́."

Àwọn alágbàrù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tún bẹ̀rẹ̀ sí í bú Aboudou. Wọ́n bú u ní Missérété, wọ́n bú u lójú ọ̀nà, wọ́n ṣì ń bú u nígbà tí wọ́n dé ọjà. Ṣùgbọ́n bí èèyàn ṣe ń bú ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ ti ń tutù lórí tábìlì, tí kò sì sí ẹni tó fẹ́ jẹun kó tó dé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bú u.